Orúkọ Ìyá Kúnlé

Ìwé mi kù díẹ̀ kó lọ sílé ìtẹ̀wé nígbà tí Àǹtí Bísí, olóòtú tó ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, pè mí lórí fóònù.

"Ìwọ tó o ní kí aráyé gbọ́ ohùn obìnrin dúdú! Obìnrin méjìlá ló wà níbí, kò sẹ́ni tó lórúkọ. Ìyá Kúnlé, Ìyá Wálé, Ìyá Ṣèyí! Àbí àwọn ọmọ ló bí ìyá wọn ni?"

Mo ṣí ìwé. Yéè! Òótọ́ ni. Ogún ọdún tí mo ti ń ṣe akọ̀ròyìn, tí mò ń pariwo ẹ̀tọ́ obìnrin kiri Òṣòdì! Ṣùgbọ́n ta ló máa dojú kọ àgbàlagbà, táá ní kí lorúkọ yín?

Mo rọ́jú wá àwọn mọ́kànlá rí, láti Bọ́ládé dé Ìsọlọ̀, mo sì gba orúkọ wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó rán mi. Ó wá ku Ìyá Kúnlé, tí a jọ ń gbélé ní Jakande, ìtàn tiwọn gan-an ló sì gbé ìwé náà ró. Wọ́n tọ́jú arúgbó kan lókè òkun fọ́dún mẹ́rin. Mérì ni àwọn òyìnbó ilé náà ń pè wọ́n, torí Mérì lorúkọ obìnrin dúdú tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú wọn.

Ojú ń tì mí, ni mo bá gba ẹ̀yìn. Mo fi àwọn ìbejì mi sílé, mo lọ bi ọkọ wọn.

"Ìyá Ìbejì, ọjọ́ tí mo bá dárúkọ ẹ̀, á mọ̀ pé ìjà dé. Ṣé o fẹ́ kí ebi pa mí ni?"

Mo pe Kúnlé.

"Àǹtí, kí n dárúkọ mọ́mì mi? Kí ẹnu mi wá wọ́!"

Mo bá kúnlẹ̀ níwájú wọn fúnra mi, nínú kíṣìnì, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀bà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń pè yín nílé bàbá yín?"

Ọwọ́ wọn dúró.

"Lọ́hùn-ún, Mérì. Níbí, Ìyá Kúnlé. Nínú balùwẹ̀ ni mo ti máa ń pe ara mi, kí n má baà gbàgbé. Morẹ́nikẹ́ ni. Kọ ọ́ gàdàgbà!"

Omi bọ́ lójú mi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà.

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń gbélé kan náà.

"Adéọlá ni, mà."

"Adéọlá. Adéọlá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orúkọ yìí mà dáa o! Ó yá, Ìyá Ìbejì, dìde, wá jẹ ẹ̀bà."