Mavis Kì Í Tọrọ Àyè

Kò sẹ́ni tí Mavis Tordoff kì í fura sí. Ó ti pẹ́ tó ti ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ iléèwé ní abúlé wa ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ: bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín sí i, àpò ọmọ náà ló máa kọ́kọ́ wò. Òun ni olórí àwa tá a máa ń rìn la oko já ní gbogbo ọjọ́rú.

Lọ́jọ́rú tí mò ń wí yìí, ọ̀nà etí odò la gbà. Lascombe, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra oko tí ọ̀nà náà gbà kọjá, fẹ́ dí ọ̀nà yẹn pa, ẹjọ́ sì ti wà nílẹ̀. Òfin wa rèé: bí ará ìlú bá ti ń gba ilẹ̀ ẹnìkan kọjá fún ogún ọdún láìtọrọ àyè, ó ti di ọ̀nà gbogbo wa. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé onílẹ̀ ló ń fún wa láyè, ó lè gbà á padà nígbà tó bá wù ú. Ibẹ̀ ni Mavis gbà lọ síléèwé nígbà èwe ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá dí i, ká kúkú wá sin òun.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Lascombe o," ó kìlọ̀. "Ẹni tó bá dúpẹ́ ti gbà pé òun ló ń fún wa láyè." Ó ní: "Ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ."

Ó wá kọjú sí Clive Pettifer, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, tó ń ya fọ́tò gbogbo ọgbà tá a bá dé.

"Ìwọ, ta ló rán ẹ wá?"

"Ìyàwó mi ni, mà. Ó ní kí n jáde nílé fóun."

"Ìyàwó kẹ̀! Bọ́ síwájú, kí n máa rí ẹ." Ó sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Bàtà yẹn ti tuntun jù. Amí Lascombe ni." Èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Nígbà tá a dé oko náà, Lascombe ti gbé tíì àti kéèkì dúró dè wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má fẹnu kàn án!" ni Mavis wí. Ebi ń pa mí, inú bí mi, ṣùgbọ́n mo kọjá.

Mavis dúró sẹ́yìn kó lè máa ṣọ́ ẹnu wa. Géètì tó kẹ́yìn ti rì sínú ẹrẹ̀, kò lè gbé e. Lascombe sáré wá, ó gbé e sókè, ó sì dì í mú fún un.

"Ẹ ṣeun o, tẹ́ ẹ jẹ́ ká kọjá," Mavis wí.

Ó ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀! Àwa tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ní ọpẹ́ láti kékeré, ta ni wọ́n máa ṣí géètì fún nínú wa tí kò ní dúpẹ́? Ojú ẹ̀ funfun báláú. Àánú ẹ̀ ṣe mí.

"Gbogbo yín gbọ́ o!" Lascombe pariwo. "Ó dúpẹ́ pé mo fún yín láyè!"

Clive ló kọ́kọ́ họ etí.

"Kí ló sọ? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Èmi náà ò gbọ́," mo wí. Bí gbogbo wa ṣe di adití nìyẹn. Lascombe gbá géètì pa.

A rìn díẹ̀. Mavis wá lọ bá Clive. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Kí ló dé tó o fi gbà mí?" ó bi í. "Kí lò ń wá gan-an lọ́wọ́ mi?"