Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé

Inú ń bí Ìyá Ẹ̀rọ, kò sì fi bò. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń kọ pírógíráàmù fún ọsibítù náà. Òun ló kọ èyí tó ń pe àwọn aláìsàn wọlé sọ́dọ̀ dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó sọ rí pé kò pe òun. Àfi bí wọ́n ṣe fi ọmọ àná jẹ ọ̀gá lé e lórí. Ọmọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló wá ń sọ pé èdè tí ìyá fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ti gbó, pé kó fi èdè tuntun tún iṣẹ́ náà kọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá lè ṣe é, yàrá káàdì ni yóò kó lọ, kó máa to fáìlì.

"Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín, mà," ni ọ̀gá wí lọ́jọ́ Ajé. "Ibi tí èdè yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà yàtọ̀ sí—"

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní òǹkà?" Ìyá Ẹ̀rọ kó ìwé rẹ̀, ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá èdè náà fà á. Bó bá gbàgbé àmì bíńtín kan, kọ̀ǹpútà á kọ̀. Bó bá fi í síbẹ̀, á tún kọ̀. Ó bú u bí ẹni pé ó létí, èébú náà sì kan ọ̀gá dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ṣiṣẹ́. Orúkọ ń jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn èèyàn ń wọlé. Ìyá Ẹ̀rọ jókòó sí yàrá ìdúró pẹ̀lú ìbínú rẹ̀, ó ń retí kí ọ̀gá kọjá, kó lè wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo èèyàn ti lọ tán, ó ku bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ó di ikùn mú.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò tíì wọlé?"

"Wọn ò pè mí. Mo ti gbọ́ orúkọ gbogbo ayé láti àárọ̀, mi ò gbọ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ́kọ́ dé." Ohùn bàbá ò ga, àmọ́ ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Wèrè wo ló ṣe irú nǹkan yìí?"

Ìyá Ẹ̀rọ sáré lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Orí ení ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bó ṣe ń kà á láti ọdún mọ́kànlélógún. Òdo ni èdè tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, ìdí òdo ló máa ń wà, òun sì ti fò ó kọjá. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Wọ́n ti pè é báyìí. Inú tún bí i, kò kàn rí ẹlòmíràn tí yóò kanra mọ́.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú." Ó di apá bàbá mú, ó sì mú un wọlé tọ dókítà lọ.

Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọ̀gá. Kò kan ilẹ̀kùn.

"Iṣẹ́ mi fo ẹni àkọ́kọ́. Bàbá kan ti ń jẹ̀rora níbẹ̀ láti àárọ̀. Kọ ìwé tí yóò gbé mi lọ sí yàrá káàdì bó bá wù ọ́. Àmọ́ ohun tó o fẹ́ fi hàn mí lọ́jọ́ Ajé, kọ́kọ́ fi hàn mí."

Ọ̀gá dìde, ó fa àga fún un. Ìyá Ẹ̀rọ jókòó, inú ṣì ń bí i.