Ọ̀gá Tó Fi Ojú Ara Wọn Dán Wa Wò

Bí mo bá ti fẹ́ fọwọ́ kan ojú oníbàárà, mo máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra ọwọ́ títí tí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi àkọ́kọ́ ní Bódìjà ni mo ti kọ́ ọ. "Ẹ má fi ọwọ́ tútù jí olójú," ni wọ́n máa ń wí.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wáṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ìtọ́jú awọ wọn, àwa mẹ́ta la wá. Wọn ò tiẹ̀ béèrè sátífíkéètì. Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì oníbàárà, wọ́n nàka sí àmì dúdú kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

"Kí lẹ máa ṣe sí eléyìí?"

Ẹni àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, yóò ti lọ. Èkejì to orúkọ ìpara bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ àkọ́sórí. Ó wá kàn mí. Mi ò mọ ohun tó fà á. Mo fọwọ́, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ti pẹ́ tó níbẹ̀? Ṣé ó máa ń yún yín?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n bí i mọ́ mi ni. Ìyá mi náà ní in. " Wọ́n wo àwọn méjì yòókù. "Ta ló ní kẹ́ ẹ bó o?" Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí mi. "Àárọ̀ ọ̀la ni kó o wá."

Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Challenge báyìí. Láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọbìnrin méjì wá wáṣẹ́. Mo dùbúlẹ̀, mo nàka sí àpá iwájú orí mi, mo dijú. Ọ̀kan ti ń to orúkọ ìpara. Mo gbọ́ ìró omi, lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí èkejì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́.