Ohun Tí Wọ́n Fojú Òkú Àmọ̀dá Rí Nínú Igbó Àràbà

Ọjọ́ Ajé ni Àmọ̀dá Ògúndèyí, ẹ̀ṣọ́ igbó, kú. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó sin ín. Mùsùlùmí òdodo! Ta ló fi í sílẹ̀ fún eṣinṣin? Mo máa sọ ọ́. Ẹni tí yóò bá bínú, kó bínú.

Igbó àwọn baba wa ni Igbó Àràbà, lẹ́yìn Ìyesí, nítòsí Ọ̀tà. Lọ́dún 1919, ìjọba ní kí àwọn àgbà tẹ̀ka síwèé, pé àwọn yóò bá wa tọ́jú ẹ̀ títí ayé. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ṣẹ́gi ìdáná níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Àmọ̀dá fi ṣọ́ ọ. Ó mú àbúrò ìyá ẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n bó bá mú ọ tán, á bá ọ ru igi náà dé kóòtù, á ní, "Ẹ má bínú sí mi, òfin ni."

Ogun òyìnbó ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, wọ́n nílò gẹdú, títí ayé parí. Ìjọba fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n gé igbó náà tán. Òfin wọn sì ni pé gẹdú kankan kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wó sí, àfi tí ẹ̀ṣọ́ bá fi òòlù ìjọba lu òǹtẹ̀ sí i. Òòlù kan ṣoṣo ló wà ní igbó náà, ọwọ́ Àmọ̀dá ló sì wà lọ́jọ́ tí ìrókò tí wọ́n ń gé wó lù ú, tó pa á.

Ràfátù ìyàwó ẹ̀ kó ogún ọkùnrin dé pẹ̀lú okùn. Akọ̀wé igbó dúró ti olópàá méjì, ó pariwo mọ́ wọn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Kò tíì ní òǹtẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ló gbọ́dọ̀ lù ú."

"Ẹ̀ṣọ́ ọ̀hún ló wà lábẹ́ ẹ̀ yẹn! Ẹ ní kó dìde wá lù ú!"

"Mo gbọ́, ìyá. Òfin ni."

Èmi náà wà níbẹ̀, mo dúró bí òpè. Ojú ń tì mí.

Lọ́jọ́bọ̀, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá akọ̀wé mú òòlù mìíràn dé. Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó wọn gẹdú, ó lu òǹtẹ̀, ó kọ nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yí i kúrò lórí èèyàn. Ara kò gba omi mọ́. Tàyámọ́mù ni àáfà ṣe fún un, iyanrìn ló fi dípò omi ìwẹ̀ òkú.

Gẹdú náà ti bá rélùwéè Ìjokò lọ. Akọ̀wé ní ọ̀gá ló pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi náà. Ọ̀gá ní akọ̀wé ni. Irọ́ ni! A fẹ́ orúkọ ẹni tó pàṣẹ. Kó wá síwájú ilé Ràfátù l'Ọ̀tà lọ́sàn-án gangan, kó wí i lójú ẹ̀ pé gẹdú ṣe pàtàkì ju ọkọ ẹ̀ lọ. Bí kò bá lè wí i, kó fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kó sì wá jẹ́jọ́. Kó má bínú sí wa. Òfin ni.