Àkàsọ̀ Kan Tó Kù fún Dáníẹ̀lì

"Tún un kà," Àlàájà wí, irin ìlọṣọ kò sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti ìbẹ̀rẹ̀. Má sáré."

Mo fi ìka sábẹ́ orúkọ Dáníẹ̀lì nínú ìwé ìròyìn náà, mo tún un kà. Mẹ́fà. Mẹ́rin. Méjì. Ọ̀kan. Mẹ́ta. Mẹ́jọ. Òórùn sítáṣì tó ń gbóná kún inú yàrá, fáànù ojú fèrèsé ń dún bí ẹni tó ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nígbà tí mo dé orí mẹ́jọ, ó gbé irin náà nàró.

"Ènìyàn mẹ́jọ ló fi igi gbá afẹ́fẹ́," ó wí. "Àjàní fẹ́ sọ wọ́n di ẹlẹ́yà ni."

Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó gbé àdúgbò wa ní Nuzlah, ní Jẹ́dà, nígbà náà. Mo rántí Bàbá Mudaṣírù tó ń tún bàtà ṣe, mo rántí Sàlámátù tí ojú rẹ̀ kan fọ́, mo rántí ewúrẹ́ wọn pàápàá. Orúkọ Àlàájà nìkan ni n kò ní kọ síbí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní Ìlọrin. Ẹni tó bá kà á dé òpin yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ó ti wá ṣe Hájì kí wọ́n tó bí mi, kò sì padà mọ́. Kò ní ìkámà, ìwé àṣẹ tí àlejò fi ń gbé ìlú náà. Èmi àti ìyá mi náà kò ní. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ń fọ aṣọ, tó ń lọ̀ ọ́, fún ìdílé Amẹ́ríkà kan nínú ọgbà àwọn òyìnbó ní òkè Jẹ́dà. Ọwọ́ rẹ̀ ni Dáníẹ̀lì ọmọ wọn dàgbà sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sùn sí, òun ló sọ ọ́ ní Àjàní.

Bọ́ọ̀lù tí Dáníẹ̀lì ń ṣe kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀. Béésìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, ẹnì kejì á fi igi lù ú. Dáníẹ̀lì ni ẹni tó ń jù ú. Òǹkà mẹ́fà ni ìwé ìròyìn máa ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì ni iye ẹni tí igi wọn kò bá bọ́ọ̀lù rẹ̀ rárá. Nígbà tí kò bá rí ẹlẹgbẹ́ nínú ọgbà, Àlàájà ni yóò lọ dúró nídìí ògiri pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ ńlá, táá máa gbá a mú, hìjáàbù lórí. Ìka kan lọ́wọ́ òsì rẹ̀ wọ́ títí tó fi kú. "Àjàní ló ṣẹ́ ẹ," á wí, táá nà án síwájú bí ẹni tó ń fi òrùka tuntun han àlejò.

Nígbà tí ìró ogun ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè ìtòsí, àwọn òyìnbó ń kó lọ. Dáníẹ̀lì ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà sì ti ní àwọn ń fẹ́ ẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lọ, Àlàájà wọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà, ó di aṣọ Káábà mú, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní padà sí Ìlọrin títí Àjàní yóò fi wọ ilé ńlá.

Abdulwahab ló kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Ìwó ni, ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn ní Mẹ́kà, àdúgbò Jarwal níbẹ̀ ló ń gbé. Ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ló ń wá kọ́ àwa ọmọ tí ilé-ìwé kò gbà ní kéú.

"Àlàájà, ẹ lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ nílé Ọlọ́run nítorí bọ́ọ̀lù?"

"Nítorí ọmọ."

"Kèfèrí lọmọ náà, Àlàájà."

"Ṣé èmi ni mo dá a ni? Ẹni tó dá a ni mo lọ bá. Jẹ ìrẹsì rẹ, Álífà."

Ọ̀rọ̀ ilé ńlá yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló là á yé mi. Ó ní bí kéú ni. Bí wọ́n bá mú ọmọ wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà, wọn kì í fi í sí iwájú. Wọ́n á kọ́kọ́ rán an lọ sí ìlú kékeré kan, pẹ̀lú àwọn ọmọdé bíi tirẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá lẹ́tà mọ̀. Bó bá ṣe dáadáa, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkàsọ̀ bíi márùn-ún ni. Ọ̀pọ̀ á jábọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gùn ún tán ló ń wọ ilé ńlá, níbi tí gbogbo Amẹ́ríkà ti ń wòran. "Ọjọ́ náà ni wòlímọ̀ rẹ̀," ó wí.

Ìyá Dáníẹ̀lì kò gbàgbé rẹ̀. Ó máa ń di ìwé ìròyìn ìlú tí ọmọ náà wà jọ, táá fi ránṣẹ́ sí Mísíìsì Kárẹ́ǹ, aládùúgbò wọn tó ṣẹ́kù nínú ọgbà, tí Àlàájà wá ń lọ aṣọ fún. Kí ìwé tó dé, ìdíje tó wà nínú rẹ̀ á ti ju oṣù kan lọ. Kò ka ìyẹn sí. Mo ti fi ìwé àwọn ọmọ òyìnbó tí Àlàájà ń kó bọ̀ láti ọgbà kọ́ ara mi ní lẹ́tà wọn, nítorí náà èmi ni akàwé rẹ̀. Kì í ṣe Dáníẹ̀lì nìkan ni mo ń kà. Mo mọ Kọ́tísì tó ń gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ mú, mo mọ Ramírẹ́sì tó ń sáré, mo mọ Dúlì abara ńlá tó máa ń gbá a kọjá ògiri, táá sì tún gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀ lé e.

"Kọ́tísì á lọ sókè kí ọdún tó yí," Àlàájà á wí. "Ó ní sùúrù. Dúlì kò ní lọ. Ìwàǹwára ń bá a jà."

Bó ṣe wí náà ló máa ń rí. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ó ń dárúkọ gbogbo wọn sí àdúà. Bàbá Mudaṣírù á kọjá lójú ọ̀nà, á na ọrùn wọlé: "Àlàájà, àwọn ọmọ yín borí lónìí bí?"

"Wọ́n borí. Bàtà tí mo gbé wá ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ọmọ mi ti lọ ìlú mẹ́ta, bàtà mi kò tíì kúrò lórí àga rẹ."

Ọdún kẹta, Dáníẹ̀lì ti wà ní àkàsọ̀ kẹta, ẹsẹ̀ Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún. Èémí rẹ̀ ń kúrú. Ìyá mi ló ń bá a gun àtẹ̀gùn. Kò lè lọ sí ọgbà mọ́, èmi ni mo ń gbé aṣọ lọ tí mo sì ń gbé e bọ̀.

Ọdún yẹn náà ni ìjọba kéde pé kí ẹni tí kò ní ìwé jáde wá fúnra rẹ̀, wọn kò ní tì í mọ́lé, wọ́n á jẹ́ kó lọ sílé rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n dá ìgbà tí yóò parí. Nuzlah ń dà wọ́ọ́wọ́ọ́, gbogbo ilé ń di ẹrù. Àlàájì kan láti Ìlọrin mú kásẹ́ẹ̀tì wá fún Àlàájà, ohùn ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí màá pè ní Múínátù níbí, ló wà nínú rẹ̀. "Ìyá, ẹ máa bọ̀. A ti tún yàrá yín ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kú sọ́wọ́ wa." Ìyá mi sunkún. Àlàájà yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà, ó tún gbọ́ ọ.

Abdulwahab jókòó tì í ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó ní ẹ̀jẹ́ ní ìtánràn, kó bọ́ tálákà mẹ́wàá, kó máa lọ.

"Rárá," ó wí. "Mo fi ọwọ́ di aṣọ Káábà mú, Álífà. Gbọ́. Bí Àjàní bá wọ ilé ńlá, mo lọ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá lé e kúrò nínú bọ́ọ̀lù, kò sí ohun tí mo ń dúró dè mọ́, mo lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì wà lórí àkàsọ̀, ibí ni mo wà."

Èmi ni mo ń da omi sí ọwọ́ wọn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá mi kò ní lọ, torí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Ar-Rusaifah ní Mẹ́kà, wọn kò sì tíì ṣetán. Mo wá ń ronú ohun tí yàrá Àlàájà ní òdìkejì tiwa yóò jẹ́ bí kò bá sí òórùn sítáṣì nínú rẹ̀ mọ́.

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo gbé aṣọ lọ sí ọgbà. Mísíìsì Kárẹ́ǹ kò gbà á lọ́wọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní kí n wọlé, ó fún mi ní omi tútù. Lárúbáwá rẹ̀ kò pọ̀. Ó fi ọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó ń ṣẹ́ igi. "Dáníẹ̀lì," ó wí. "Bọ́ọ̀lù kálásì." Bọ́ọ̀lù ti parí. Ó ní wọ́n ti dá a padà sílé ìyá rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Àlàájà, ṣùgbọ́n kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ó fún mi ní ìdì ìwé ìròyìn tó gbẹ̀yìn.

"Táyíb," mo wí. Ó dára.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé ìdì náà lé itan. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìgbà tí ìjọba dá tó pé. Mo ń wo òkun láàárín ilé, mo ń wí fún ara mi pé bí mo bá ti wọlé ni màá sọ ọ́.

Ó ti jókòó dúró dè mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí tìmùtìmù. "Ó dé?"

"Ó dé, Àlàájà."

"Kà á."

Mo ṣí ìwé náà. Ẹlòmíràn ló ń ju bọ́ọ̀lù níbi tí orúkọ Dáníẹ̀lì máa ń wà. Mo fi ìka mi síbẹ̀. "Méje," mo wí. "Mẹ́ta. Òfo. Òfo. Ọ̀kan. Mẹ́sàn-án."

Ó di ẹnu mú. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò sì lè dúró mọ́. Mo ní wọ́n ti gbé e lọ sí àkàsọ̀ kẹrin, òun àti Kọ́tísì. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó ti jábọ́, á lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní ó ti wọ ilé ńlá, á lọ. Nítorí náà mo dá ọmọkùnrin yẹn dúró sí ibi tó ku àkàsọ̀ kan ṣoṣo, mo sì ń fi òǹkà bọ́ ọ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Àwọn díẹ̀ tí mo ti sọ ọ́ fún máa ń fi ìyẹn tù mí nínú. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án náà pé. Àwọn tó lọ ti lọ. Jáwásàtì, ọlọ́pàá ìwé ìrìnnà, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀mejì ni ìyá mi àti Sàlámátù gbé Àlàájà gun orí òrùlé láàárọ̀ kùtù, tí a fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó, tí oòrùn fi yọ lé wa lórí. Kì í ké. Ó ní bí Àjàní ṣe ń fara dà á níbẹ̀ ni òun náà ń fara dà á. Mísíìsì Kárẹ́ǹ ti kó lọ sí ìlú rẹ̀; ìdì tó gbẹ̀yìn náà ni mo ń tún ṣí bí ẹni pé tuntun ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ mọ́ àyàfi èmi.

Ní Rámàdánù, omi dé àyà rẹ̀. Ó ń sùn ní ìjókòó. A kò ní ìwé tí a óò fi hàn nílé ìwòsàn, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ènìyàn. Ìyá mi ń fi aṣọ tútù nu ọrùn rẹ̀, ó ń wí pé, "Ẹ bá ti lọ, Àlàájà. Ẹ bá ti lọ nígbà yẹn."

Mo wọlé pẹ̀lú ìwé ìròyìn àtijọ́. N kò dúró kó bi mí. "Àlàájà, ó ti wọ ilé ńlá."

Ojú rẹ̀ ṣí. Ó wò mí pẹ́. "Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Fi orúkọ rẹ̀ hàn mí."

Mo fi orúkọ kan hàn án. Ó fi ìka òsì rẹ̀ tó wọ́ kàn án, ó fi pa á bí ẹni tó ń pa orí ọmọ. "Alihamdulilai," ó wí. Ó kọ ojú sí ìyá mi. "Sìkírá, bá mi di àpótí mi. Mò ń lọ sílé."

Ìyá mi dì í. Kí ni ìbá ṣe? Aṣọ mẹ́rin, kásẹ́ẹ̀tì Múínátù, omi sámúsámù nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Ó ní kí wọ́n gbé e sí ibi tí òun á ti máa rí i. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣínu, ó kú. Abdulwahab kírun sí i lára, wọ́n sin ín sí Jẹ́dà, sí ibi tí kò sí àmì kankan. Àlàájì kan ló gbé àpótí náà dé Ìlọrin. Múínátù ránṣẹ́ padà, ó ń bi wá pé kí ló dé tí ìyá òun kò fi wá nígbà tí ọ̀nà ṣí. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ́ ni. Mo jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Mo ti di ìyá àgbà báyìí, Ìlọrin náà ni mo ń gbé. Mo ti pàdé Múínátù nínú mọ́sáláṣí lẹ́ẹ̀mẹta, mo kúnlẹ̀ kí i, ó ń pè mí ní ọmọ dáadáa.

Lọ́dún tó kọjá ni Sùlémánù ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn nílé ìwòsàn. Àwọn dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sọ fún mi. Àwọn ọmọ ní kí n má jẹ́ kó mọ̀, kí n máa ní ó ti ń sàn. Nígbà tó bi mí pé, "Ràfátù, ṣé màá yè é?" gbogbo òǹkà tó dùn ló tò sí ẹnu mi, bí ìgbà tí mo wà ní Nuzlah. Mo ní, "Rárá, ọkọ mi. Wọ́n ní kò ní pẹ́."

Ó yí ojú sí ògiri. Àkọ́bí wa kò tíì dárí jì mí di òní, ó ní èmi ni mo gba ìrètí lọ́wọ́ bàbá òun. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Sùlémánù ní kí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ omi náà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò níbẹ̀, ìrora sì wà nínú ọjọ́ mẹ́rin náà. N kò lè sọ pé mo ṣe é ní rere. Orí ẹní rẹ̀ ló kú sí.