Ọ̀nì Ayé Àtijọ́ Nínú Ẹ̀kọ Gbígbóná

Kí wọ́n tó ti bọ́dà, òórùn bẹntiróòlù fàyàwọ́ ló máa ń pàdé èèyàn lójú ọ̀nà Ayétòrò. Nígbà tí wọ́n tì í tán, ọ̀rẹ́ mi, kò ku nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́ mọ́ ju eruku àti òórùn gaàrí tí wọ́n ń yan lọ. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí nígbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo sì ń gbé. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Bọ̀dá, fẹ́ di alága ìjọba ìbílẹ̀. Ọkùnrin tí adìẹ tó ń sìn gan-an kì í gbọ́ tirẹ̀!

Àwọn tó ń gbẹ́ kànga fún un ló gbé òkúta kan jáde. Mo fi omi ṣàn án, ni orí ẹranko ẹlẹ́nu gígùn bá hàn, pẹ̀lú eyín ṣóńṣó ṣóńṣó. Mo pe gbogbo ilé jọ, mo ṣàlàyé pé irú ọ̀nì kan ni, tó gbé nínú odò láyé àwọn ẹranko ràbàtà tí wọ́n ń pè ní daináṣọ̀, tó ti run tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn tó dáyé, tí egungun rẹ̀ sì ti di òkúta. Bọ̀dá ló béèrè ìbéèrè jù, inú mi sì dùn sí i. Mo ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan ní pólì Ìlaròó tó mọ̀ nípa òkúta. Ó ní òun ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, torí ó lè jẹ́ irú èyí tí wọn ò tíì rí rí lágbègbè wa.

Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ti ní kí Bọ̀dá wá orí ọ̀nì gbígbẹ fi ṣe àgúnmu, kó lè wọlé nínú ìbò. Kútọnu ni wọ́n ti máa ń kó o wá tẹ́lẹ̀, bọ́dà sì ti tì.

Bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè, ìró òòlù ni mo gbọ́ lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n ti gún un nínú odó irin. Bọ̀dá jókòó, ó ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

"Bọ̀dá, òkúta lẹ ń mu yẹn o!"

"Òkúta kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo ní ọ̀nì ni." Ó nu ẹnu. "O tún ní ó ti wà kí èèyàn tó wà. Àbúrò, agbára tiẹ̀ á ju ti Kútọnu lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi dorí kodò. Mo sunkún, àmọ́ ìríra ló pọ̀ jù nínú ẹkún náà. Nígbà tí olùkọ́ pólì dé, ìyẹ̀fun nínú agolo mílíìkì ni mo rí fi hàn án. Kò jókòó. Ó pe ọlọ́kadà tó gbé e wá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú rírun ni Bọ̀dá rí gbà nínú oògùn náà. Ìbò abẹ́lé lásán, kò wọlé.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àìmọ̀ ló ń ba nǹkan iyebíye jẹ́. Mi ò sọ ọ́ mọ́. Bọ̀dá mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ, ó gbọ́ ọ yékéyéké, ó sì gún un mu.