Ẹni Tí Wọ́n Ń Gbà Gbọ́

Òórùn kóòtù tí òjò pa àti ti tíì tó ti tutù ló kún yàrá òkè ilé ìkàwé kan ní ìlú òyìnbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù Dagenham Heathway. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ mi ní Dagenham Dock dé, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, mo sì jókòó sẹ́yìn pátápátá. Àbúrò mi obìnrin ló dúró níwájú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù rò nípa wèrè àti làákàyè, nítorí ohun tó ń kà ní yunifásítì nìyẹn. Màmá wa wà ní ìlà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá ní inú mi dùn, irọ́ ni. Mò ń jowú rẹ̀. Ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn ni orí àbúrò mi dàrú. Ó ń gbọ́ ohùn tí a kò gbọ́, kò sùn, kò jẹun, títí wọ́n fi gbà á sí ọsibítù. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a, pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná nínú fúláàsì. Láàárín ìgbà yẹn ni àìsàn gbé èmi náà dè. Màmá yọjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, "Orí tìẹ pé, dìde kó o wá nǹkan jẹ." Ó sì jáde lọ.

Àbúrò mi sọ ìtàn ọlọ́gbọ́n ará Faransé kan láyé àtijọ́, tó jókòó ti iná, tó ń ṣiyèméjì sí gbogbo ohun tó ń rí, títí kan ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù kó bi ara rẹ̀ bóyá wèrè lòun, kíá ló fò ó kọjá. Àbúrò mi ní àwọn ọlọ́gbọ́n tó dé lẹ́yìn rẹ̀ bá a wí lórí èyí, pé ńṣe ló ti wèrè síta, tó tilẹ̀kùn, kí ìrònú tó lè ráyè jókòó. Màmá, tí Gẹ̀ẹ́sì yẹn ju agbára rẹ̀ lọ, ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù.

Nígbà tí Màmá ní ká máa lọ, pé òun fẹ́ dúró kí àwọn èèyàn, àwa méjèèjì jáde lọ síbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Eastbrook.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń káàánú ẹni tí wọ́n tì síta. Ta ló béèrè ẹni tó kù sílé?"

Ó wò mí. "Àǹtí mi, ṣé ẹ̀ ń jowú mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ ni Màmá ń gbé ọbẹ̀ lọ bá."

Ó ní, "Èmi náà ń jowú yín. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ọsibítù, bí mo bá ní iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀ jù, Màmá á bi mí bóyá mo ti lo oògùn mi. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, wọ́n á bu omi sí i."

Òótọ́ ló sọ, mo ti rí i lójú ara mi láìmọ̀ pé nǹkan kan ni. Bọ́ọ̀sì dé, a wọlé, a jókòó ti ara wa.

Owú yẹn kò tíì tán nínú mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, mo rò pé inú agbárí èèyàn ni làákàyè wà. Ní báyìí mo mọ̀ pé apá kan rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbọ́ wa: àwọn ló ń yan ẹni tí wọ́n máa gbà gbọ́, àti ẹni tí wọ́n máa ṣìkẹ́. Wọ́n bu ìgbàgbọ́ fún mi, wọ́n bu ìkẹ́ fún un, kálukú wa sì ń wo inú àwo ẹnì kejì.